Ṣé kí n gbé nóòtì mi síta fún gbogbo ayé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ nóòtì jọ: ìwé, síláìdì, iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo ẹ̀ pátá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù máa lò ó, wọ́n ní òun ni wọ́n ń pè ní OER, ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹlòmíì á kó o, á fi orúkọ ara ẹ̀ sí i, á sì máa tà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ti rí nóòtì lórí fóònù wọn, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá ṣe ní kíláàsì? Kí lèrè mi níbẹ̀ gan-an? Tí mo bá sì máa ṣe é, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọpọlọ. Kí n tètè sọ èrò mi: ẹ gbé e síta, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e bó ṣe wà yẹn. Nínú ẹ̀rù méjì tí ẹ kà sílẹ̀, ọ̀kan ti ní oògùn tẹ́lẹ̀, èkejì kò sì tó ohun à ń sá fún. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù díẹ̀ ni èyí tí ẹ kò mẹ́nu bà rárá, ìyẹn àwọn nǹkan tó wà nínú nóòtì yín tí kì í ṣe tiyín. A máa dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé tí iṣẹ́ kan bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbowó, ó ti di ti gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Àdéhùn Berne, tí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ayé ti fọwọ́ sí, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò nílò ìforúkọsílẹ̀ kankan. Gbàrà tí ẹ bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, òfin ti fi í sábẹ́ yín, ẹlòmíì kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dà á kọ tàbí láti tún un ṣe láìgbàṣẹ, àyàfi ìwọ̀nba tí òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá yọ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá gbé nóòtì yín síta tí ẹ sì dákẹ́, ẹ ti tì í pa. Wọ́n lè kà á. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó fẹ́ yọ àpẹẹrẹ kan kúrò kó fi èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ mọ̀ rọ́pò, olùkọ́ tó fẹ́ gé orí kẹta kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí kìíní ìwé mìíràn, àwọn wọ̀nyí kò ní àṣẹ. Àwọn gan-an sì ni ìwúlò rẹ̀ máa pọ̀ fún jù.

David Wiley, tó ti ń jà fún ọ̀rọ̀ yìí láti 1998, la ohun tí ẹni tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe sílẹ̀: kó lè lò ó, kó lè tún un ṣe, kó lè pò ó mọ́ òmíràn, kó sì lè pín in fún ẹlòmíì. Mẹ́rin ló kà ní 2007. Ní 2014 ló fi ẹ̀karùn-ún kún un, pé kí onítọ̀hún lè tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ títí láé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó san owó ìwé orí kọ̀ǹpútà, tí sáà ẹ̀kọ́ parí, tí iléeṣẹ́ tó tà á fún un sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá dé, kò rí ìwé tó fi owó rà kà mọ́.

Àwọn ohun tó bí gbogbo èyí kò tíì pẹ́ jù. Ní 2001, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun máa gbé ohun èlò ẹ̀kọ́ òun síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, lásìkò tí ọ̀pọ̀ iléèwé gíga ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi ta tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2002, níbi ìpàdé kan ní Paris, UNESCO fi orúkọ OER sọ irú nǹkan báyìí. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni àjọ Creative Commons gbé àwọn àṣẹ ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyí tí olùkọ́ lè lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ní Oṣù Kọkànlá 2019, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO fọwọ́ sí ìwé àbá kan lórí OER. Nítorí náà, tí ọ̀gá iléèwé yín bá ní àṣà àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní ohun tí ẹ lè fi hàn án.

Ó yá, ẹ ṣí nóòtì yín lórí ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé àwòrán ọkàn kan wà níbẹ̀ tí ẹ fi fóònù yà láti inú ìwé kan, tàbí tí ẹ wá lórí Google tí ẹ sì lẹ̀ mọ́ síláìdì. Nínú kíláàsì, kò sẹ́ni tó máa bi yín, nítorí ọ̀pọ̀ òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé síláìdì yẹn síta tí ẹ sì kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni máa lò ó, ẹrù ẹlẹ́rù lẹ fi ń tọrẹ yẹn. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín á rò pé ohun mímọ́ lòun gbà, á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ẹjọ́ á wá dé bá a níbi tí kò fojú sí.

Ẹ yẹ ojú ewé kọ̀ọ̀kan wò. Lórí gbogbo àwòrán, tábìlì àti àyọkà gígùn, ẹ bi ara yín pé ta ló ni ín. Ìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín o. Pé ọkàn ní yàrá mẹ́rin, pé ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá kó tó lọ yí ara ká, kò sẹ́ni tó lè fi òfin dè é. Bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́, bó ṣe yà á, èyí ni òfin ń ṣọ́. Gbólóhùn tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ, tiyín ni. Èyí tí ẹ dà kọ látinú ìwé, ẹ tún un sọ lọ́nà tiyín, tàbí kí ẹ gé e kù sí ìwọ̀n àyọkà kékeré, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ní ti àwòrán, ẹ yọ èyí tí kì í ṣe tiyín, kí ẹ wá èyí tí wọ́n ti fi àṣẹ sílẹ̀ lé lórí. OpenStax, iléeṣẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó wà ní Yunifásítì Rice ní ìpínlẹ̀ Texas, gbé ìwé kan tó ń jẹ́ Anatomy and Physiology jáde ní 2013, àwòrán ọkàn tó dáa sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ pa orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ rẹ́, ẹ fi ìlà òfìfo síbẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn wá kọ ọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ báyìí:

«Àwòrán ọkàn, láti inú Anatomy and Physiology, OpenStax, Yunifásítì Rice. Àṣẹ ìlò: CC BY 4.0. Mo ti yọ orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kúrò.»

CC ni Creative Commons, BY ni pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe é, 4.0 sì ni ẹ̀dà àṣẹ náà. Ẹ fi líǹkì ojú ewé náà tì í. Ó tán. Orúkọ iṣẹ́ ti wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀, ibi tí ẹ ti rí i àti àṣẹ tó wà lórí rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ sì ti jẹ́wọ́ ohun tí ẹ yí padà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ lo ọgbọ́n rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀. Wikimedia Commons, àkójọ àwòrán kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà kún fún àwòrán báyọ́lọ́jì. Àṣẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra wọn níbẹ̀, nítorí náà ẹ ṣí ojú ewé àwòrán náà gan-an kí ẹ tó mú un.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ olè. Àmì mẹ́rin ni wọ́n fi ń to àwọn àṣẹ Creative Commons pọ̀. BY ní kí wọ́n dárúkọ yín. SA ní kí ẹni tó bá tún un ṣe fi àṣẹ kan náà sórí ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde. NC ní kí wọ́n má fi ṣòwò. ND ní kí wọ́n má pín èyí tí wọ́n bá yí padà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà bíi tiyín, NC ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ dúró ná.

Iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Great Minds, gbé ìwé ìṣirò rẹ̀, Eureka Math, síta lábẹ́ CC BY-NC-SA. Àwọn iléèwé kó o lọ sí ìsọ̀ FedEx pé kí wọ́n bá àwọn tẹ ẹ̀dà rẹ̀, FedEx sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Great Minds gbé wọn lọ sí kóòtù, ó ní òwò nìyẹn, òun ò sì fún wọn láṣẹ òwò. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Great Minds lẹ́bi: iléèwé ló ń lo ìwé náà, iléèwé kò sì fi ṣòwò, FedEx kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ìtẹ̀wé ni. Iléeṣẹ́ náà tún gbé irú ẹjọ́ yìí kan náà ko Office Depot, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń bá ènìyàn tẹ̀wé, lójú, ó sì tún fìdí rẹmi ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo ń rí kọ́ nínú ẹjọ́ yìí ni pé NC kò mú ẹni tí ẹ rò pé ó máa mú. Olóòótọ́ ló máa ń lé sá. Olùkọ́ tó wà ní iléèwé aládàáni tó ń gbowó á bi ara rẹ̀ bóyá òun ń ṣòwò, nígbà tí kò bá sì rí ìdáhùn, á fi nóòtì yín sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní pọ́ọ́kú, kó gbé e lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, òun náà á sá. Olè ní tiẹ̀ kò ka àṣẹ. BY-SA ni mo máa mú tí mo bá wà ní ipò yín. Ẹni tó bá fẹ́ tà á kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ yín, kò sì ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde. Ta wá ni yóò san owó gọbọi fún ohun tó wà níbì kan lọ́fẹ̀ẹ́, tí orúkọ ẹni tó ni ín sì wà lójú ewé àkọ́kọ́? Wikipedia wà lábẹ́ irú àṣẹ yìí, títà tí àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ tà kò sì pa á lára.

Ẹni tó bá yọ orúkọ yín kúrò ti rú àṣẹ náà, àṣẹ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nínú ẹ̀dà 4.0, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tó bá ti mọ̀ ni wọ́n fún un láti tún un ṣe kí àṣẹ tó padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí yín sì wà ní gbangba: ọjọ́ tí ẹ gbé e síta, orúkọ yín, ibi tó wà. Nóòtì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń jí láìsí ẹlẹ́rìí. Ṣé ẹ kò tíì rí ibi tí ẹnì kan ti ń fi síláìdì ẹlòmíì kọ́ni bíi pé òun ló kọ ọ́?

ND, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un. Ẹni tó fẹ́ túmọ̀ nóòtì yín sí èdè mìíràn kò ní lè pín in, nítorí ìtumọ̀ náà jẹ́ àyípadà. Ohun èlò ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò lè fọwọ́ kàn kò yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n ti ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún pípo nǹkan pọ̀: ohun tó wà lábẹ́ BY-SA àti èyí tó wà lábẹ́ BY-NC-SA kò ṣeé pò di iṣẹ́ tuntun kan, nítorí kálukú wọn ló ní kí wọ́n fi àṣẹ tòun sórí ohun tó bá jáde. Ẹ sì mọ̀ pé àṣẹ yìí kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gba ẹ̀dà. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì yín lọ́la, àmọ́ èyí tó ti jáde ti jáde.

Ìbéèrè kan kù kí ẹ tó lẹ àṣẹ kankan mọ́ ọn: ṣé ẹ̀yin lẹ ni nóòtì yìí lójú òfin? Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ lè jẹ́ ti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Tí kò bá yé yín, ẹ béèrè, kí ẹ sì gba ìdáhùn ní kíkọ sílẹ̀.

Ní ti kíláàsì tó máa ṣófo, ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nóòtì MIT ti wà níta láti ọdún gbọọrọ, àwọn ọmọ ṣì ń jìjàdù láti wọ iléèwé náà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè ka nóòtì yín kó sì mọ̀ pé òun kò pàdánù nǹkan kan ní kíláàsì, a jẹ́ pé kíkà lẹ ń ka nóòtì náà sétígbọ̀ọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á nílé, kí ẹ fi wákàtí tí ẹ ní pẹ̀lú wọn ṣe ohun tí fóònù kò lè ṣe: ẹ gé ọkàn ẹran sí méjì lójú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà tí fáàfù kan bá bàjẹ́.

Ìwádìí wà lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe. Èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Georgia, tó jáde ní 2018, lórí akẹ́kọ̀ọ́ 21,822. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fi ìwé tó ṣí sílẹ̀ rọ́pò ìwé olówó, máàkì lọ sókè, iye àwọn tó fìdí rẹmi tàbí tó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ sì dín kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Mi ò ní sọ fún yín pé ìwé ọ̀fẹ́ ń sọni di ọlọ́gbọ́n. Àwọn ìwádìí míì rí i pé kò yàtọ̀ sí ti olówó. Èrò tèmi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìwé lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní máa ń ṣe dáadáa ju èyí tó ń dúró de owó títí sáà fi dé ìdajì, ohun tí kò ya olùkọ́ kankan lẹ́nu.

Ẹ béèrè èrè yín. Kí n sọ òótọ́ kan tí àwa tí à ń polongo OER kì í fẹ́ pariwo: ohun tí ẹnì kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹlòmíì ló san án. Owó àwọn àjọ ìtọrẹ Hewlett àti Mellon ló gbé ti MIT dìde. Ní South Africa, àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún iléèwé gíríámà ní 2002. Iṣẹ́ náà ló di Siyavula, tó fi jẹ́ pé nígbà tó di 2012, ìjọba tẹ àwọn ìwé rẹ̀, ó sì pín wọn fún iléèwé káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Iléèwé tó bá ní kí olùkọ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta, tí kò fún un ní àkókò, tí kò sì kà á mọ́ ọn lọ́jọ́ ìgbéga, ìrẹ́jẹ ló ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n kà á. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ni àtúnṣe: olùkọ́ tí ẹ kò mọ̀ rí á kọ̀wé sí yín pé ọfà tó wà lórí àwòrán kẹrin kọjú síbi tí kò yẹ. Ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ sí nóòtì inú dúrọ́ọ̀.

Àtúnṣe kò ṣeé ṣe lórí fáìlì tó ti gan o. Mo ti rí ohun èlò tí wọ́n lẹ àmì CC BY mọ́ gàdàgbà, tó sì jẹ́ pé fọ́tò ojú ewé ni wọ́n kó sínú PDF. Àṣẹ wà, ọwọ́ kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé fáìlì tí ẹ fi kọ ọ́ gan-an síta pẹ̀lú PDF. Ẹ dín ìwúwo àwòrán kù, nítorí ẹni tó ń fi dátà díẹ̀ gbà á sórí fóònù kò lè dúró de síláìdì tó wúwo bíi fíìmù. Níbi tí ẹ máa gbé e sí, ìkànnì yòówù tí kò ní kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ kó tó rí nǹkan gbà ti tó. Ojú wa ti rí àwọn tó ń pariwo «ọ̀fẹ́», tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ni wọ́n ń wá.

Ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wọ inú rẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní fáìlì tó di àṣà. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ kọ, tí olùkọ́ máàkì, tí wọ́n sì jọ sọ nù, ìnáwó agbára ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìbéèrè àtúnyẹ̀wò fún àwọn tó máa wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n wá ibi tí àlàyé yín kò ti yé wọn, kí wọ́n sì tún un kọ. Ẹ má fi tipátipá gbé iṣẹ́ ọmọ kankan síta. Òun ló ni ohun tó kọ. Ẹ bi í, kó yàn bóyá òun fẹ́ kí orúkọ òun hàn, kí ẹni tó bá sì kọ̀ máà pàdánù máàkì kankan.

Ní ti ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi gbogbo nóòtì yòókù sílẹ̀ ná. Ẹ mú orí lórí ọkàn yẹn nìkan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ pààrọ̀ àwòrán rẹ̀, ẹ kọ orúkọ yín àti CC BY-SA 4.0 sí ojú ewé kìíní, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan ní iléèwé mìíràn tó ń kọ́ orí kan náà, kó lò ó ní sáà yìí kó sì sọ ohun tó yí padà fún yín. Ìbéèrè ìdánwò tí ẹ ṣì máa lò, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Kò sí òfin OER kankan tó ní kí ẹ gbé ìyẹn síta.